Kí ló dé tí ọmọ ń ju ọmú sílẹ̀ nígbà tí ò tíì yó?

Ọmọ oṣù méjì gbé ẹnu lé ọmú, ó ń mu ún kìtàkìtà, èèyàn ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin lọ, ó yọ ẹnu, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń fi orí gbá ìyá rẹ̀ láyà, ó tún gbé e sẹ́nu, ó tún tu ú. Kí ìyá ọlọ́mọ tó mọ èwo ni ṣíṣe, ìyá ọkọ ti ń sọ láti pálọ̀ pé omi ọmú yẹn ò tó o, ẹ lọ po fídà wá. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹru, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ṣì wà nínú ọmú yẹn dáadáa, ó kàn ń rọra wá ni.

Ọmú kì í ṣe ẹ̀rọ omi tí wọ́n á ṣí kó máa dà lọ bákan náà. Àwọn àpò kéékèèké ló pọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni omi ti ń dá, iṣan tín-ín-rín sì yí ìkọ̀ọ̀kan wọn ká. Tí ọmọ bá ń fa orí ọmú, ara á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á tú họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀, tó bá dé ọmú, àwọn iṣan yẹn á fún àwọn àpò náà, omi á rọ́ wá síwájú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní let-down. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú kan kó tó dé, á dà dáadáa fúngbà díẹ̀, á wá rọlẹ̀, tó bá tún yá òmíì á tún dé. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí ìjókòó kan, àmọ́ ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù, òun nìkan ni ọ̀pọ̀ ìyá ń mọ̀ lára bí ìgbà tí nǹkan ń ta wọ́n lọ́mú, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rárá. Torí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ọmú méjèèjì ló ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ìyá ọlọ́mọ fi lè wà nínú ọjà Sábó ní Ṣàgámù, kó gbọ́ igbe ọmọ ọlọ́mọ, kí bùbá ẹ̀ tutù láyà.

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí ò ní pẹ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi jáàkì fún àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀, omi á tú jáde ṣọ̀ọ̀, tó bá yá á wá ń kán tó, tó, tó, wọ́n á tún yí jáàkì yẹn, omi á tún dà. Oxytocin ni jáàkì tiwa níbí. Ibi tí wọn ò ti jọra ni pé àpò ẹ̀gẹ́ ń gbẹ, ọmú kì í gbẹ, torí bí wọ́n ṣe ń mu ún ló ń ṣe òmíì, àwọn tó sì ti wọ̀n ọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi tó wà nínú ẹ̀ ni ọmọ sábà máa ń mu, ìyókù wà níbẹ̀.

Ta ló wá ń yí jáàkì? Ọmọ náà ni. Tí omi bá ń dà, á máa fà á tìrìn-tìrìn, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, á máa gbé e mì. Tí omi bá ti rọlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wéré wéré, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní sẹ́kọ́ńdù kan. Àwọn èèyàn á ní ó ń fi ọmú ṣeré. Kò ṣeré o, fífà wéré wéré yẹn gan-an ló ń pe omi tó kàn. Ọmọ tó bá ní sùúrù á fà á títí á fi dé, èyí tí ò ní sùúrù á bínú jù ú sílẹ̀, ìkókó ọjọ́ mélòó kan ní tiẹ̀ á kàn sùn lọ ni.

Àìmọ ọmú gbé sẹ́nu dáadáa wà lára ohun tó ń mú kí ọmọ ju ọmú sílẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu á yege nígbà tí omi ń tú fúnra ẹ̀, àmọ́ tó bá di pé kó fi agbára fà á, kò lè rí i fà. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ ya gbàgà, kó gbé púpọ̀ nínú ibi tó dúdú yẹn mọ́ ọn, kí àgbọ̀n ẹ̀ kan ọmú. Tí ahọ́n ọmọ bá so mọ́lẹ̀, ìyẹn náà lè mú kó jù ú sílẹ̀, dókítà ló máa wò ó.

Fídà wá ńkọ́? Orí ń bẹ nísàlẹ̀, ìdí ń bẹ lókè, kò sí let-down kankan tí wọ́n ń dúró dè, omi ń wá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n lára, tó padà sídìí ọmú tó ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé kò ní bínú ni? Èyí tó burú jù ni pé gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mu fídà, omi ń jókòó sínú ọmú, ọmú sì ń kà á sí pé wọn ò fẹ́ púpọ̀, á dín ohun tó ń ṣe kù. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, omi á wá dín kù lóòótọ́, ìyá ọkọ á ní ṣé mo ò sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìyá bá ní láti lọ síṣẹ́, kí wọ́n wá orí fídà tí ihò ẹ̀ kéré, kí wọ́n gbé ọmọ jókòó díẹ̀, kí fídà náà wà ní ìbú, kí wọ́n sì máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mí.

Ẹ̀kọ gbígbóná àti ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja ò burú, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní láti jẹun kó sì mumi, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ló ń pàṣẹ fún ọmú, omi tó bá jáde ni òmíì ń rọ́pò.

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí omi bá rọlẹ̀ ni kí ìyá fi ọwọ́ di ọmú mú, àtàǹpàkò lápá kan, ìka yòókù lápá kejì, kó jìnnà díẹ̀ sí ibi dúdú yẹn, tí ọmọ bá ti dáwọ́ gbígbé mì dúró kó rọra tẹ̀ ẹ́, kó dì í mú bẹ́ẹ̀, omi á tún wá, ọmọ á tún gbé mì, tí ìyẹn bá tún tán kó tú ọwọ́, kó yí i síbòmíì. Kò gbọ́dọ̀ dùn ún. Tí ìyẹn náà ò bá mú nǹkan wá mọ́, kí ọmọ gùnfẹ́, kí wọ́n gbé e sí ọmú kejì, kí wọ́n sì tún padà sí ti àkọ́kọ́, kò séèwọ̀ ńbẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni kì í ní sùúrù fún, kí ìyá fi ọwọ́ fún ọmú títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá, kó tó gbé e sí i lẹ́nu. Ariwo àti ìbínú ń dí let-down lọ́wọ́, torí náà kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ yẹn rọra.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù. Omi á máa rọra wá, ọmọ á máa mu ún díẹ̀ díẹ̀ títí dé aago mẹ́sàn-án mẹ́wàá alẹ́, kì í ṣe àìsàn. Bí ọmú bá sì ṣe ń fúyẹ́ tó ni ọ̀rá inú omi ń pọ̀ tó, torí ẹ̀ èyí tó ń kán tó tó yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òru ni prolactin, họ́móònù tó ń dá omi, máa ń pọ̀ jù, kí wọ́n má fo ti òru.

Bí wọ́n á ṣe mọ̀ bóyá ọmọ ń rí i mu ni ìtọ̀ àti ìwọ̀n. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kó tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ó kéré tán, kó sì ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i tó bá fi máa pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí kì í tọ̀ dáadáa, tí kò sanra sí i, tó ń sùn ṣáá tí wọ́n jí i tí kò fẹ́ jí, kí wọ́n má dúró dalẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ hẹ́ltì sẹ́ńtà tàbí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ní Ṣàgámù.