Ibi tí yíyọ kórópọ̀n ti wọ inú ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í rọrùn fún dókítà láti sọ fún àgbà ọkùnrin ní Ìlọrin. "Alhaji, jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì yìí ti wọ eegun. Abẹ́rẹ́ wà tí ẹ ó máa gbà lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ò sì ní í dá a dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká yọ kórópọ̀n yín méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà." Bí wọ́n bá dárúkọ owó abẹ́rẹ́ tán, gbogbo ẹbí á dákẹ́. Bí wọ́n bá ti jáde síta ni ẹnìkan á sọ pé tálákà ni wọ́n ṣe irú ìtọ́jú yẹn fún, pé òyìnbó ò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ òun lọ́dàá. Irọ́ ni. Ara òyìnbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó sì ṣe é gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí.

Pírọ́sítéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Òun ló ń pèsè apá kan nínú omi tó ń bá àtọ̀ jáde. Ní 1853, oníṣẹ́ abẹ kan ní London Hospital, J. Adams, kọ̀wé nípa ọkùnrin ẹni ọdún 59 kan tí jẹjẹrẹ mú níbẹ̀, ó sì ní àrùn náà ṣọ̀wọ́n gidigidi. Àrùn tó jẹ́ pé lónìí, òun ni jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin jù ní Nàìjíríà! Adams ò purọ́ o. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í dàgbà tó ọjọ́ orí tí àrùn yẹn ń yọjú, èyí tó bá sì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn ní ìtọ̀ ló dí i pa ni.

Àwọn tó ń sin ẹran ti mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù ní agbègbè Ìlọrin mọ̀ pé akọ tí a bá tẹ̀ lọ́dàá á sanra, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Inú ìbàdí rẹ̀ ni wọn ò nídìí láti yẹ̀ wò. Oníṣẹ́ abẹ kan, John Hunter, yẹ̀ ẹ́ wò ní London ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì rí i pé pírọ́sítéètì ẹran tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá máa ń kéré. Àwọn ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́ Ilé, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ti lọ, a ò lè bi wọ́n léèrè, ṣùgbọ́n ní 1960 àwọn dókítà ní Beijing yẹ 26 wò nínú àwọn ìwẹ̀fà ọba Ṣáínà tó ṣẹ́kù. Nínú wọn, 21 ni ọwọ́ dókítà ò bá pírọ́sítéètì kankan lára wọn rárá.

Charles Huggins ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ Kánádà ni, wọ́n bí i ní Halifax ní 1901, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ló ń wá. Omi inú pírọ́sítéètì ló ń bá kiri, ajá ló sì ń lò, nítorí pé ajá wà lára ẹranko díẹ̀ tí pírọ́sítéètì rẹ̀ ń dàrú lọ́jọ́ ogbó bíi tèèyàn. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ tó ya omi náà sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ̀, kó lè máa gbà á ní mímọ́, kó sì máa wọ̀n ọ́n. Bó bá yọ kórópọ̀n ajá, omi á gbẹ. Bó bá fún un ní testosterone, tí í ṣe họ́mọ́ònù ọkùnrin (èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara) tí kórópọ̀n ń pèsè, omi á tún máa jáde. Bó bá fún un ní estrogen, tí í ṣe họ́mọ́ònù obìnrin, omi á dáwọ́ dúró.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ajá àgbà kan ti ní kókó nínú pírọ́sítéètì wọn, wọ́n sì ń ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí i pé kókó náà ń sún kì bó bá ti yọ kórópọ̀n wọn. Látìgbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ajá bẹ́ẹ̀ kiri.

Òṣùwọ̀n tó lè lò fún èèyàn ti wà nílẹ̀. Ní 1938, tọkọtaya Gutman ní New York fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní acid phosphatase máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí jẹjẹrẹ yìí ti wọ eegun rẹ̀. Ní 1941, Huggins àti Clarence Hodges kéde pé báwọn bá yọ kórópọ̀n aláìsàn, èròjà yẹn á lọ sílẹ̀, báwọn bá sì fún un ní testosterone, á tún ru sókè. Nínú 21 ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ yọ tiwọn, mẹ́rin lo ju ọdún 12 lọ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn tí ìrora eegun ti dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ara tu àwọn kan nínú wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Níbi tèmi, ibí yìí ni kókó ìtàn náà wà: kó tó dìgbà yẹn, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló gbà pé jẹjẹrẹ tó ti fọ́n káàkiri ara ṣì lè gbọ́ràn sí họ́mọ́ònù lẹ́nu. Testosterone ni epo inú fìtílà rẹ̀. Huggins gba Nobel ní 1966.

Àmọ́ jẹjẹrẹ náà máa ń padà. Huggins rò pé ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ló ń pèsè ìyókù testosterone, ó sì ń yọ ìyẹn náà ní 1945, èyí tó nira fún aláìsàn láti là kọjá. Ó ṣẹ̀yìn kó tó hàn pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lè máa po testosterone, ó sì lè sọ ohun tó fi ń gbà á mọ́ra di púpọ̀, tí ìwọ̀nba díẹ̀ á fi tó o. Ìmọ̀ yìí ló bí oògùn abiraterone, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, àti enzalutamide ní 2012.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Àbúrò ni sí abẹ. Ní 1971 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Andrew Schally, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ bí họ́mọ́ònù inú ọpọlọ tó ń darí kórópọ̀n ṣe rí, ó sì gba Nobel tirẹ̀ ní 1977. Ní 1985 ni leuprolide, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti fara wé họ́mọ́ònù yẹn, jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti abẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n irú abẹ́rẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń gbé testosterone ga fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó já a bọ́. Ewu nìyẹn fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í tilẹ̀ ráhùn ìtọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú, ará ilé á ní ẹ̀gbà ni tàbí ọwọ́ ayé, wọ́n á gbé e kiri ọ̀dọ̀ alfa àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Lára ẹni bẹ́ẹ̀, abẹ yá ju irú abẹ́rẹ́ yẹn lọ, nítorí pé láàárín wákàtí mélòó kan, testosterone ti já wálẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti ní Ìlọrin ò ní yunifásítì kankan nítòsí nígbà tí Huggins ń kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní 1941. UCH Ìbàdàn ṣí ní 1957, Yunifásítì Ìlọrin dé ní 1975, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1980, èyí tó wà ní Òkè-Ọ̀sẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń sá fún yìí wà lára èyí tó kéré jù: abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú tó, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ìlọrin ìlú àwọn alfa sì ni, ẹ̀sìn ò sì fọwọ́ sí títẹ èèyàn lọ́dàá. Ṣùgbọ́n nítorí àìsàn àti ẹ̀mí ni tibí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, alfa tó mọ̀wé á sì ṣàlàyé. Ohun tó tún ń ba àwọn bàbá kan lẹ́rù ni gúsúlù, kí àwọn tó ń wẹ òkú má bàa bá àpò òfìfo. Ìyẹn náà ti rí ojútùú láti 1942, nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Riba kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lè ha inú kórópọ̀n jáde kí wọ́n sì fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, kí ohun kan ṣì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ lè bà.