Hóró dúdú inú ẹ̀jẹ̀ àdán

Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Bó ti wù kó wò ó pẹ́ tó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò jọ tẹyẹ. Ẹni tó bá fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ adìyẹ yóò rí kókó kan láàárín sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì pupa àdán kò ní kókó, bíi tiwa ló rí, nítorí ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni àdán. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣókùnkùn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa àdán, àlejò ni.

Àlejò náà sábà máa ń jẹ́ ìbátan àfòmọ́ tó ń fa ibà fún ọmọ ènìyàn. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan, bẹ́ẹ̀ sì ni ti èyí: inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ń gbé. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lára àdán, bíi Hepatocystis, Nycteria, Polychromophilus, àti Plasmodium, ìdílé àfòmọ́ ibà ènìyàn, fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àdán wò ní Guinea, Liberia àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013, ó hàn pé Plasmodium ara àdán àti ti àwọn eku ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́. Síbẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ wúlò jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni Polychromophilus melanipherus, tí onímọ̀ kan, Dionisi, ṣàpèjúwe ní Ítálì ní 1899. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kejì ni "ẹni tó ru dúdú".

Bí wọ́n ṣe ń rí dúdú náà kò ṣòro, ọwọ́ ló gbà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ta àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ọ̀nà tí àdán ń gbà fò. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí eyín àdán mú, wọ́n á gún iṣan kékeré kan lápá rẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ náà sí ìpẹ̀kun gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á fi etí gíláàsì kejì kàn án títí yóò fi tàn ká etí náà, wọ́n á wá tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì dúró. Bó bá dára, á rí bí ahọ́n: á ki níbẹ̀rẹ̀, á fẹ́lẹ́ lópin débi pé sẹ́ẹ̀lì kan ò ní gun èkejì. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n ti bà á jẹ́. Tó bá gbẹ, wọ́n á rì í sínú methanol, wọ́n á wá fi aró Giemsa pa á. Ara àfòmọ́ á gba aró yẹn bíi búlúù, kókó rẹ̀ á pọ́n. Hóró dúdú inú rẹ̀ kì í gba aró rárá. Àwọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn, bó ti wà kí aró tó dé.

Hóró yìí náà ló ṣamọ̀nà Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, ní Algeria ní 1880, nígbà tó rí ohun alààyè tó gbé e sínú tó ń mira nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun tí ibà ń ṣe. Òun náà ni dókítà Ross tún rí nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897. Babesia, àfòmọ́ mìíràn tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa àdán, kì í ní in, nítorí náà ẹni tó bá rí hóró dúdú ti mọ ìdílé tí àlejò rẹ̀ ti wá.

Kí wá ni hóró náà? Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìgbẹ́ ni.

Ohun tó kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa jù ni haemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní amínò ásíìdì, jẹ́ 20. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń pinnu bí okùn náà yóò ṣe ká, bó bá sì ṣe ká ló ń pinnu iṣẹ́ tó lè ṣe. Okùn 4 ló para pọ̀ di haemoglobin kan. Nínú ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti ká ni haem kan jókòó sí, mólékù pẹlẹbẹ bí awo, tí átọ́ọ̀mù irin kan wà láàárín rẹ̀ gangan. Irin yẹn ló ń di ọ́síjìn mú. Láti 1937 títí di 1959 ni Max Perutz fi wá àwòrán purotéènì kan ṣoṣo yìí ní Cambridge. Ọdún 22!

Àfòmọ́ náà á gbé haemoglobin mì sínú àpò kan tí omi inú rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ́ńsáímù rẹ̀, purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ, tí wọ́n ń pè ní plasmepsin, ti ń la okùn náà, tí àwọn mìíràn á sì rún un wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni oúnjẹ, haem ni ṣákítí. Wàhálà wà nínú ṣákítí yìí, torí haem tó bá ti bọ́ kúrò nínú purotéènì di májèlé, a máa ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ara ènìyàn ní ẹ́ńsáímù tó ń tú u palẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tó ń sọ ẹyinjú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe di aláwọ̀ ìyeyè ti ń wá. Ọ̀nà tí àfòmọ́ ń gbà yàtọ̀. Ó ń kó haem jọ, ó ń tò ó, ó ń sọ ọ́ di òkúta tín-ín-tín. Haemozoin lorúkọ òkúta náà.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ bí haem ṣe so mọ́ra nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò lè fi átọ́ọ̀mù hàn, nítorí ìgbì rẹ̀ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tóbi ju àlàfo tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì. Bí ẹni fẹ́ fi ọkọ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ni. Ìgbì ẹ́síréè ló kéré tó. Bí ẹ́síréè bá kọlu ohun tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò, bí iyọ̀ tàbí ṣúgà, yóò fọ́n ká: níbì kan ìgbì á gbe ìgbì lẹ́yìn, níbòmíràn wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Láti ara àmì tó bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Haemoglobin lè dì di hóró kan tó tóbi tó láti gbé síwájú ẹ́síréè. Haemozoin kò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ni, ìyẹ̀fun sì máa ń mú kí àwọn àmì náà wọnú ara wọn, tí ìṣírò rẹ̀ á le. Ní 2000 ni Pagola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i yanjú.

Tẹ́lẹ̀, èrò àwọn kan ni pé haem so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n: irin ti èkíní di apá èkejì mú, irin ti èkejì náà di apá èkíní mú, bí ẹni méjì tó dì mọ́ra wọn. Méjì-méjì yìí ló wá ń tò jọ di òkúta.

Ibi títò yìí ni chloroquine ti ń dá wọn lọ́nà. Ẹni tó bá lò ó láyé ọjọ́un kò ní gbàgbé bó ṣe korò tó, àti bó ṣe ń yún àwọn mìíràn lára bíi wèrèpè. Ó ń wọ inú àpò kíkan náà wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti débẹ̀, kíkan omi inú àpò á yí i padà débi pé kò ní lè gba inú awọ rẹ̀ jáde mọ́, bí ẹja tó kó sínú ìgèrè. Yóò máa pọ̀ sí i níbẹ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ haem, kò ní jẹ́ kó tò. Oúnjẹ àfòmọ́ á wá di májèlé sí i nínú.

Àfòmọ́ tó wá borí oògùn yìí kò fọwọ́ kan haem rárá. Purotéènì kan tó wà lára awọ àpò náà, tí wọ́n ń pè ní PfCRT, ló yí padà. Ìlẹ̀kẹ̀ 76 rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ lysine, di threonine. Lysine a máa lé chloroquine sẹ́yìn. Threonine ò lé e. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe ṣí nìyẹn, tí oògùn ń gbabẹ̀ jáde. Ní 2005 ni Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀ fún àpòpọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ti artemisinin yàtọ̀ pátápátá: ó ní afárá kan tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn méjì ṣe, irin inú haem náà ló ń ṣẹ́ afárá yẹn, ohun tó bá tibẹ̀ jáde á sì máa jó àwọn purotéènì tó yí i ká.

Kò sẹ́ni tó ń fún àdán lóògùn, a kì í sì í sábà rí àìsàn lára wọn bí àfòmọ́ tilẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀ wọn. Hepatocystis kì í tilẹ̀ bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń pọ̀, akọ àti abo nìkan ló ń jáde wá sínú sẹ́ẹ̀lì pupa láti dúró de kòkòrò tí yóò fà wọ́n mu. Ti Polychromophilus, tó ń gbé lára àwọn àdán tó ń jẹ kòkòrò, eṣinṣin àdán ló ń gbé e kiri. Eṣinṣin yìí kò níyẹ̀ẹ́, aláǹtakùn ló jọ, inú irun àdán ló ń sá gbà. Àwọn àdán ńlá tó ń so rọ̀ sórí igi ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní irú rẹ̀ tiwọn, Cyclopodia greeffi. Bó bá fa ẹ̀jẹ̀ àdán tó ní àfòmọ́ mu, ó fa hóró dúdú náà mọ́ ọn.