Òdòdó Yín Ń Mumi Kú

Àròyé kan náà ni mo tún gbọ́ láàárọ̀ òní: ewé òdòdó ti pupa rúsúrúsú, ó sorí kọ́. Kí lẹ ṣe sí i? "Mo bomi sí i ni." Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò ńkọ́? "Ó ṣì tutù." Ó ṣì tutù, ẹ tún lọ bomi sí i!

Gbòǹgbò ń mí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ ló ń mí sínú. Bí omi bá gba gbogbo àyè yẹn, gbòǹgbò á jẹrà, èyí tó bá sì ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí òdòdó tó dúró nínú omi fi ń rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Bó bá tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìkòkò tí kò ní ihò nídìí, ẹ má tilẹ̀ bi mí.

Ta ló sì ní kí ẹ máa da òkúta wẹ́wẹ́ sídìí ìkòkò kómi lè jò dáadáa? Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta. Òkè òkúta ló ń dúró sí, níbi tí gbòǹgbò wà gan-an. Ẹ kàn gbé àbàtà sún mọ́ gbòǹgbò ni. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́ bó. Àwọn tó sì ń ní kí ẹ da omi ṣúgà sí i, èèrà ni wọ́n ń bọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ òdòdó bíi tèmi, imú ló fi ń mọ ìkòkò tó ti ń jẹrà nínú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti bákónì. Lítà omi 1, kílò 1 ni. Ìkòkò gbígbẹ tí ẹ fọwọ́ kan gbé sórí irin etí bákónì, bó bá ti mumi yó, ẹrù mìíràn ni. Oníbàárà mi kan ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Mo ní kó gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní orí irin ni ẹwà rẹ̀ ti ń yọ. Ó bomi sí i lálẹ́, òjò tún rọ̀ lé e, atẹ́gùn dé. Gíláàsì ọkọ̀ aládùúgbò ló gba ìkòkò náà, ọmọ ilé yẹn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi ránṣẹ́ sí mi: ṣé òdòdó náà ṣì lè yè? Mo wo fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ti rà. Ó ti kú kó tó já.