Gìrì Tramadol: Ẹ Má Rọ Nǹkan Kan Sí I Lẹ́nu

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá á wọlé. Ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ tó ń gbọ̀n, tójú ẹ̀ yí sókè, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ mílíìkì, ẹ má fi ṣíbí ya eyín ẹ̀.

Ọdún kọkànlá mi rèé ní ẹ̀ka pàjáwìrì n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí géńdé bá wọlé pẹ̀lú gìrì, wárápá la máa ń kọ́kọ́ rò, ní báyìí "kí ló lò?" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu mi. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà, àti UNODC, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, sọ pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64, èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí ló sì léwájú, 22.4 nínú 100. Ó ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ o!

Oògùn ìrora gidi ni tramadol, àwa náà ń fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ò gbọdọ̀ lò ju 400 milligram lọ láàárín wákàtí 24. Èyí táwọn ọlọ́kadà ń jù sẹ́nu, milligram 225 ló wà lára ẹ̀, NAFDAC ò fọwọ́ sí i rárá, ẹni tó bá sì da méjì mu láàárọ̀ ti lo 450, ó ti kọjá ti odindi ọjọ́ kan kó tó gbé ọ̀kadà jáde. Ó ń ta ọpọlọ jí débi tó fi ń dá gìrì sílẹ̀, ó tún ń pa èémí, tí ọtí tàbí codeine bá wà níbẹ̀ ó burú jùyẹn lọ.

Gìrì yìí kì í ṣe ọfà ayé táwọn èèyàn máa ń sọ pé ó jẹ́. Epo pupa ò sì lè "já" oògùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí gìrì mú ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ. Àgbo ìtọ̀ màálù táwọn míì ń rọ sí i lẹ́nu tiẹ̀ ló ń bí mi nínú jù, wọ́n á rẹ ewé tábà sí i, ó ń já ṣúgà ara wálẹ̀, àìsí ṣúgà yẹn náà sì lè dá gìrì míì sílẹ̀, alágbo á wá ní àìsàn ọ̀hún ló le. Ẹ yí ẹni tí gìrì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ká orúnkún ẹ̀ tó wà lókè síwájú, kí ẹnu ẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ wá mọ́tò.

Lásìkò òjò tó kọjá, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan wá. Gbogbo àyà ẹ̀wù ẹ̀ pọ́n, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, àfìgbà tí mo gbóòórùn epo. Mo bi ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò kí ń mu nǹkan kan, wọ́n ta á lọ́fà ni." Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi sálúbàtà ẹ̀ dání lẹ́yìn wọn ló tọwọ́ bàpò, ó yọ sáṣẹ́ẹ̀tì 225, mẹ́rin ti kúrò nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ dá gìrì yẹn dúró láìpẹ́. Epo tá a ń fi ẹ̀rọ fà nínú ọ̀nà èémí ẹ̀ ò tán, lọ́jọ́ karùn-ún ló kú.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ padà wá bá mi lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ jáwọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má so òun mọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ bíi ti ilé wòlíì. Mo ní kó má dá a dúró lójijì fúnra ẹ̀, ara á ro ó, oorun ò ní kùn ún, ìgbẹ́ gbuuru á gbé e, kó lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta, láti 1954 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Mo kọ lẹ́tà fún un lójú ẹsẹ̀.