Inú Sáfà Ni Excel Yín Wà, Kì í Ṣe Inú Àpótí Orí Tábìlì

"Ẹnjiníà, fáìlì mi ti pòórá o!" Kò sí oníbàárà mi ní Lágere, ní Mayfair tàbí ní Ẹnuwá, nílé-Ifẹ̀, tí kò tíì pè mí pẹ̀lú igbe yìí rí. Kọ̀ǹpútà kékeré (thin client) tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo máa ń tò sórí tábìlì wọn; Excel wọn wà nínú sáfà (server), kọ̀ǹpútà ńlá kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Fáìlì kò pòórá. Ibi tí ẹ kò fi í sí lẹ ti ń wá a. Ẹni tó fi Excel ṣírò owó-oṣù, tó sì fi í pamọ́ sí Documents, inú Documents ti sáfà ló fi í sí. Bó bá wá lọ ṣí Documents ti Linux tó wà níwájú rẹ̀, òfo ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi: bí ẹní ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Pápá kò sí nínú àpótí náà. Windows Server tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. RemoteApp, tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú Windows Server 2008, ló ń jẹ́ kí fèrèsé Excel nìkan jáde sí yín, láìkó gbogbo ojú Windows wá; FreeRDP, ètò tó ń gba ojú kọ̀ǹpútà mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn, ló ń gbà á lọ́dọ̀ Linux. Lórí FreeRDP 3, /app:program:||excel ni mo máa ń kọ sínú àṣẹ náà. Ìlà òró méjì yẹn ló ń sọ fún sáfà pé orúkọ tí mo ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mò ń pè. Bí mo bá tò ó tán, Excel àti Firefox á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ á kọ́pì níbí, ẹ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Mo mọ iṣẹ́ yìí dájú. Fláàṣì yín pàápàá, bí mo bá ti ṣí ọ̀nà fún un, ẹ wá a sábẹ́ orúkọ tí sáfà fi ń pe àpótí iwájú yín, \\tsclient.

Bí wọ́n bá mú iná, tí thin client kú, ẹ má sunkún. Iṣẹ́ yín ṣì ń bẹ lórí sáfà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ padà wọlé, ẹ ó bá a. Sáfà gbọ́dọ̀ wà lórí inverter ni, switch tó so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Switch yìí ni ẹ máa ń gbàgbé! Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ti wọ́n omi àdúrà sára àwọn kọ̀ǹpútà kí n tó dé, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Iná ìjọba ni wọ́n ki switch bọ̀. Mo gba àdúrà gbọ́, àmọ́ ẹ má da omi sí ohun tí iná ń gbà kọjá.

Àwọn ayédèrú ẹnjiníà ló wá ń bí mi nínú jù. Windows tí kì í ṣe Server, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà láti ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á lọ yí termsrv.dll, fáìlì tó ń ṣọ́ òfin yìí nínú rẹ̀, padà kó lè gba ènìyàn mẹ́wàá, kí ẹ má baà ra license. Lọ́jọ́ tí àtúnṣe Microsoft bá wọlé, gbogbo rẹ̀ á dẹnu kọlẹ̀. Kí ẹ má baà pè wọ́n, wọ́n á pa àtúnṣe náà rẹ́ pátápátá. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Microsoft dí ihò kan tí wọ́n ń pè ní BlueKeep nínú RDP, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ Windows láti òkèèrè. Ó burú débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti pa tì láti 2014. Ẹni tó bá pa àtúnṣe rẹ́, ihò rẹ̀ wà níbẹ̀ gbayawu.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wà tí alága wọn fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Iléṣà. Ẹnì kan bá wọn ṣí pọ́ọ̀tù 3389, ẹnu ọ̀nà tí RDP ń gbà wọlé, lórí router sí gbogbo ayé. Orúkọ ẹgbẹ́ àti 123 ni password. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, gbogbo fáìlì ti ní ìrù àjèjì lẹ́yìn orúkọ, ìwé kan sì wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó bitcoin. Hard disk tí wọ́n ń kó ẹ̀dà sí kì í kúrò lára sáfà tọ̀sán tòru, nítorí náà, àwọn olè náà ti òun náà pa. Ìwé-owó ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n padà ń gbà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń da owó kọ lọ́tun. Àwọn ìyá mìíràn ti sọ tiwọn nù. Mo rí akápò wọn tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣiṣẹ́ láti ilé, kí wọ́n fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i kó gba ibẹ̀ wọlé. Kí hard disk ẹ̀dà yọ kúrò lára sáfà lẹ́yìn tí wọ́n bá kó o tán. Ẹ pe ẹni tó ṣe tiyín lónìí, ẹ bi í bóyá 3389 ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ní ó ṣí, kó wá tì í kílẹ̀ tó ṣú.