Ẹni Tí Kò Lọ Àìsùn Ọdún Tuntun Kò Pàdánù Ọdún Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́: pé onígbàgbọ́ tí aago méjìlá òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá kò bá bá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òfo ló fi wọ ọdún. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Agbálátà, ní Àgbádárìgì níbí, gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ibà ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ. Láti ìgbà náà, bí ọjà kò bá tà, ohun tó ń wí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣáà rí tèmi gbà lóru ọjọ́ náà." Ó ti ra ìgò òróró kan tí wọ́n kọ ọdún sí lára, ó gbé e sókè àtẹ́rígbà, ó ń fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ kó má baà tán kí oṣù Kejìlá tó dé. Obìnrin tó jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́! Ta ló sọ fún un pé Ọlọ́run kò sí nínú yàrá yẹn?

Pé Ọlọ́run ni orísun ìyè, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn rẹ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni èrò pé ọjọ́ kan wà tó ń pín in, àti pé ohun tí a bá gbà lọ́jọ́ náà la ó máa ná títí ọdún á fi yípo.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 16. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kó mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run ń rọ̀ fún wọn láti ọ̀run, òṣùwọ̀n ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ṣẹ́ tiwọn kù di ọjọ́ kejì. Ó yọ ìdin, ó sì ń rùn. Ọjọ́ kẹfà nìkan ni wọ́n ń kó ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn kò sì bàjẹ́. Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni èyí tó pọ̀ jù tí Ọlọ́run gbà kí wọ́n kó sílé lẹ́ẹ̀kan. Ẹkún Jeremáyà orí 3 ní òròòwúrọ̀ ni àánú Rẹ̀ ń di ọ̀tun. Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ojoojúmọ́ ni ẹni inú wa ń di tuntun. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ní ọdọọdún ni.

Ọ̀pọ̀ kò sì mọ bí àìsùn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn awakùsà èédú ní Kingswood, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti máa ń fi òru Sátidé mutí, ni wọ́n ń fi òru gbàdúrà. Nígbà tí John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, sọ ọ́ di ètò ní nǹkan bí ọdún 1742, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ní ọjọ́ Ẹtì tó bá sún mọ́ òṣùpá àrànmọ́jú jù lọ, kí àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn lè ríran délé. Ìparí ọdún kọ́ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ rẹ̀. Inú ìjọ yìí kan náà ni míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman ti wá nígbà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Mo máa ń lọ, ó sì ń ṣe mí lóore. Ó lè jẹ́ pé òru yẹn gan-an ni Ọlọ́run yóò sọ ẹlòmíràn jí. Ìyẹn kù sọ́wọ́ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá fi tún ọdún yín ṣe nítorí pé ẹ kò wá. Kí ẹ sì ro ti ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lóru. Bí kò bá sí ọkọ̀ tó ṣe é gbára lé, tàbí tí aláìsàn wà nílé, ẹ jókòó tì í, ẹ gbàdúrà níbẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, kí ẹ sùn.