Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Takú Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní Ṣómólú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ti fara kan ara wọn, iṣẹ́ tó sábà máa ń dá ẹni tó ń ṣe dìsáìnì dúró kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ni, irú èyí tó ti ṣe bí ogójì. Oníbàárà ní òun fẹ́ kó yàtọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà funfun ń wò ó, òun náà ń wò ó. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ṣófo o. Ogójì tó ti ṣe ló kún ibẹ̀: àwọ̀ àlùkò, fọ́tò láàárín, àdàbà méjì lókè. Ibi yòówù kó nawọ́ sí, àdàbà ló ń bà.

Ní 1942, Abraham Luchins, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi omi wíwọ̀n fi èyí hàn. Ká sọ pé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wà nílẹ̀: ọ̀kan gba 21, èkejì gba 127, ẹ̀kẹta gba 3. Báwo lèèyàn ṣe máa wọn 100? Á rọ 127 kún, á yọ 21 lẹ́ẹ̀kan, á yọ 3 lẹ́ẹ̀mejì. Luchins béèrè irú rẹ̀ léraléra lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ọgbọ́n kan náà ló sì ń yanjú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbé 23, 49 àti 3 kalẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn 20. Yọ 3 kúrò nínú 23, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 49, wọ́n rin ọ̀nà jíjìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tí kò kọ́ ọgbọ́n àkọ́kọ́ rárá ló tètè rí ọ̀nà kúkúrú.

Ìdí nìyí tí fífi agídí jókòó ti iṣẹ́ kì í fi í mú un rọ̀. Béèyàn ṣe ń tẹjú mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ àtijọ́ ń jìn sí i. Graham Wallas, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín bí èrò tuntun ṣe ń wá sí ipele mẹ́rin ní 1926: ìmúrasílẹ̀, ìsàba, kí ojú là lójijì, lẹ́yìn náà àyẹ̀wò. Ìsàba ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù, torí ó jọ ìsinmi. Ṣùgbọ́n adìẹ tí kò yé ẹyin, kí ló fẹ́ sàba lé? Ẹni tí kò tíì ka ìtàn ìyá àgbà yẹn, tí kò tíì wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa, tó wá dìde lọ ra gúgúrú, gúgúrú náà ló máa mú bọ̀.

Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ròyìn ní 1908 bí èrò kan nípa iṣẹ́ tó ti ń bá a fà ṣe wọlé wẹ́rẹ́ bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ èrò. (Bó bá jẹ́ Ojúẹlẹ́gba ni, kọ̀ndọ́ ì bá ti máa pariwo ṣéńjì lé e lórí.) Kì í ṣe idán. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó wọkọ̀.

Rírìn náà lágbára tirẹ̀. Ní 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ní yunifásítì Stanford rí i pé èrò tuntun ń pọ̀ sí i lórí ẹni tó ń rìn ju ẹni tó jókòó lọ, kódà bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ìrìn ló wà, tó kọjú sí ògiri. Ó tún ń bá a lọ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jókòó. Ṣùgbọ́n kò ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Nítorí náà, ká rìn láti wá èrò, ká jókòó láti ṣírò owó bébà.

Fóònù ló ń ba ìsàba jẹ́ jù. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kàwé nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ara tàdáwà pupa bọ́ sórí yẹ́lò, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ rólà ẹ̀rọ, kí wọ́n fi àkísà nù ún mọ́ tónítóní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yẹ́lò á jáde ní ìdọ̀tí, bébà á sì ṣòfò. Ohun kan náà ni Sophie Leroy, olùwádìí nípa ìṣesí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ṣàlàyé ní 2009 nípa ọkàn: ẹni tó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí WhatsApp kì í fọ rólà. Àwọ̀ mìíràn ló ń dà sí i.

Ní ti kí iṣẹ́ tún máa ṣàn, Mihaly Csikszentmihalyi, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ láàárín àwọn ayàwòrán, ọ̀táyò ṣẹ́ẹ̀sì àti àwọn tó ń gun òkè. Iṣẹ́ tó ga díẹ̀ ju agbára ẹni lọ, tí ibi tó ń lọ hàn kedere, tí èèyàn sì ń rí àbájáde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ló ń gbé èèyàn lọ. “Kó yàtọ̀” ò sì fi ibì kankan hàn. Kí ẹni tó ń ṣe dìsáìnì bi oníbàárà pé kí ni ìyá ń tà. Bó bá jẹ́ léèsì ní Balógun, iṣẹ́ ti dín kù sí nǹkan tí ọwọ́ lè mú: òdòdó ara léèsì ní etí ìwé, kò sí àlùkò, kò sí àdàbà. Bébà àgékù kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Orí rẹ̀ ni kó ti fi bírò ya mẹ́ta tí kò dára, kó tó tan kọ̀ǹpútà.